Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà mi kò mọ àwòrán ọpọlọ ẹlòmíràn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní àwòrán MRI (àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì ń yà) ti ọpọlọ àwọn àgbàlagbà 60 níbí ní Ìlọrin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ya mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ọdún 3. Mo fi deep learning, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ́ nǹkan fúnra rẹ̀ láti inú àpẹẹrẹ, kọ́ kọ̀ǹpútà láti mọ ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra. Ó gba 96 nínú 100, àmọ́ nígbà tí mo gbé ti àwọn ará Ọ̀fà fún un, kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe pín in. Bí ẹ bá da gbogbo àwòrán pọ̀ kí ẹ tó ṣa ti ìdánwò, aláìsàn kan náà á wà nínú ẹ̀kọ́, á tún wà nínú ìdánwò. Kọ̀ǹpútà ò wo àìsàn mọ́ nìyẹn. Ìrísí agbárí ẹni náà ló há sórí, bí ẹ ṣe ń dá ìyá oníwàrà yín mọ̀, ó wé gèlè ni o, kò wé ni o. Nọ́ńbà aláìsàn ni kí ẹ fi pín in: 42 fún ẹ̀kọ́, 9 fún àtúnṣe, 9 fún ìdánwò. Máàkì yín á já wálẹ̀. Ẹ má bọkàn jẹ́, iye gidi nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwòrán ẹnì kan bára mu, ẹ má fi àkọ́kọ́ ṣe ìpìlẹ̀ tí ẹ ó máa yí àwọn tó kù bá. Èyí tí wọ́n bá yí máa ń rí bàìbàì díẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì ka bàìbàì yẹn sí iṣẹ́ ọjọ́ orí. Ẹ fa àwòrán àárín yọ lára gbogbo àwòrán ẹni náà, kí ẹ yí gbogbo wọn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí FreeSurfer, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wọn àwòrán ọpọlọ, ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ègé-ègé ni ẹ̀rọ MRI ń ya ọpọlọ, ìnípọn ègé kọ̀ọ̀kan sì ṣe pàtàkì gan-an. Hippocampus, apá ọpọlọ tí ìrántí kò lè ṣe láìsí i, tó nǹkan bíi voxel (ẹyọ kékeré tí wọ́n fi to àwòrán) 3,000 lápá kan bí voxel bá jẹ́ mílímítà 1 níhà gbogbo. Lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, bíi 1 nínú 100 ló ń lọ lọ́dún, ìyẹn voxel 30. Lára ẹni tó ní Alzheimer, àìsàn tó ń mú kí iyè ra, ó lè tó 120. Bí ègé kọ̀ọ̀kan bá nípọn tó mílímítà 5, bó ti wọ́pọ̀, 30 yẹn di 6 péré. Bí orí bá mì díẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ó ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹni tó pààrọ̀ ẹ̀rọ, láti èyí tí agbára mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ 0.3 Tesla sí ti 1.5, ẹ yọ ọ́ ná. Ẹ fún kọ̀ǹpútà ní iye oṣù tó wà láàárín àwòrán méjì. Oṣù 6 àti oṣù 14 kì í ṣe ẹgbẹ́. Àmọ́ ẹni tó wá lẹ́ẹ̀mejì tí kò padà wá mọ́, ẹ má yọ ọ́ o. Àìsàn tó ń le sí i ló sábà ń dá irú wọn dúró sílé, bí ẹ bá sì yọ wọ́n, àwọn tára wọn ṣì gbé kánkán nìkan ni kọ̀ǹpútà á mọ̀.