Má ra eku kankan kí ìwé àṣẹ tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́

Àbúrò mi tó ń ṣe máásítà ní Gwagwalada, mo ka ìbéèrè rẹ. O fẹ́ ra ọgbọ̀n eku funfun sílẹ̀ fún ìwádìí rẹ kí ìgbìmọ̀ ètíìkì, ìyẹn àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ́ kí a lo ẹranko fún ìwádìí, tó fún ọ níwèé. Jọ̀ọ́, má rà á. Ohun tí èmi ṣe nìyẹn, mo sì fi ìka àbámọ̀ bọnu.

Akọ̀wé kan ló sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ méjì ni ìwé máa gbà. Mo bá lọ ra eku ní Jos, mo kó wọn wá sí Abuja nínú páálí tí mo dá ihò sí lára. Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù mẹ́ta. Lónìí, fọ́ọ̀mù kan ló kù. Lọ́la, ẹni tó máa fọwọ́ sí i ti rìnrìn àjò. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó rántí pé nǹkan ẹlẹ́mìí ló ń dúró dè wọ́n. Eku tó wọn gíráàmù 120 sí 150 ni mo kọ sínú ìwé ìwádìí mi, àwọn akọ ti kọjá 250 kí ìwé tó jáde. Ẹni tó tà wọ́n fún mi tún da akọ pọ̀ mọ́ abo. Oyún eku kì í ju ọjọ́ 21 sí 23 lọ, kí n tó mọ̀, ọmọ ti kún inú àgò.

Síbẹ̀, ooru ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Oṣù Máàṣì ni, o mọ bí Abuja ṣe máa ń gbóná kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Dígírì 20 sí 26 ló yẹ kí yàrá eku wà. Òrùlé páànù àti fèrèsé kan péré ni tèmi ní. Wọ́n mú iná lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹni tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ sì ti tilẹ̀kùn, ó ti gba ilé lọ. Eku kì í làágùn bí èèyàn. Ìrù ló fi ń lé ooru jáde, tí ìyẹn ò bá tó, á máa fi itọ́ pa ara. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ Sátidé, mọ́kànlá ti kú. Àwọn yòókù nà gbalaja, irun àyà wọn rin fún itọ́. Mo ń fi aṣọ tútù nù wọ́n, mo ń kán omi sí wọn lẹ́nu, mẹ́ta tún kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sunkún. Ọ̀gá kan tó ń kọjá ní, "Ṣebí eku lásán ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní. Ẹranko mẹ́rìnlá jìyà títí wọ́n fi kú, ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan kan kọ́ lára wọn. Láti 1959 ni Russell àti Burch, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ pé ká fi nǹkan mìíràn rọ́pò ẹranko níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ká dín iye wọn kù, ká sì dín ìrora wọn kù.

Ọgbọ̀n tí o sọ yẹn ńkọ́, ta ló ṣírò rẹ̀? Má da iye kọ látinú iṣẹ́ ẹni tó ṣáájú rẹ. Lọ bá ẹni tó mọ ìṣirò dáadáa.

Fọ́ọ̀mù ìgbìmọ̀ ètíìkì yẹn ò le, kọ ọ́, kí o fi sílẹ̀. Tí eku bá dé, jẹ́ kí wọ́n sinmi, ó kéré tán, ọjọ́ méje kí o tó fọwọ́ kàn wọ́n. Tí o bá ń ra oúnjẹ adìyẹ fún wọn, bèèrè bóyá wọ́n ti po òògùn mọ́ ọn, nítorí ó lè da èsì rẹ rú. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fín ọ̀tápíápíá nínú yàrá yẹn nítorí aáyán. Kí o tó sanwó eku rárá, gbé òdiwọ̀n ooru síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o lọ kà á láago méjì ọ̀sán.