Mo Pa Á Dé ní Ojú Ìwé 61

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi lẹ́yìn odi. Ní oṣù kìíní, mo ra ìwé àjákọ kan, mo ní gbogbo ohun tí mo bá kà lọ́dún yìí ni màá máa kọ sínú rẹ̀. Mo fa ìlà mẹ́sàn-án sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan: òǹkọ̀wé, ọdún tí ìwé jáde, iye ojú ìwé, máàkì tí mo fún un, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó di oṣù kẹta, ó ti sú mi. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé irú ìwé kan náà ni mò ń kà ṣáá. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, fẹ́ ṣe tirẹ̀, àmọ́ kò fẹ́ kó dà bí iṣẹ́ àṣetiléwá. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Ìyá wa, ẹ kú ọmọ. Ìlà mẹ́sàn-án yẹn ló pa á. Ta ló ń tòògbé lórí ìwé tí yóò tún máa wá rúlà? Mẹ́rin péré ni mo fi sílẹ̀: ọjọ́, orúkọ ìwé àti ti ẹni tó kọ ọ́, èdè tí mo fi kà á, àti gbólóhùn kan láti ẹnu ara mi. Mi ò fún ìwé ní máàkì mọ́. Mo ṣí ti ọdún kan padà, mo rí "7 nínú 10", mi ò rántí ohunkóhun nínú ìwé náà. Níbi tí mo kọ "ìyá àgbà yẹn ò sọ̀rọ̀ títí ó fi kú" sí, gbogbo ìtàn náà ló padà wá.

Èyí tí ẹ kò kà tán, ẹ kọ òun náà sílẹ̀. Àwa èèyàn máa ń fi ìyẹn pamọ́ bí ẹni jẹ gbèsè. Tèmi kan rèé: "14 oṣù kẹta. Mo pa á dé ní ojú ìwé 61. Tó bá ṣe àwàdà tán, á tún ṣàlàyé rẹ̀." Ìlà yẹn ti gbà mí lọ́wọ́ ìwé méjì mìíràn.

Ní ti irú ìwé kan náà, ẹ wo ẹ̀yìn ìwé ilé ìkàwé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ètò tí Melvil Dewey gbé jáde ní 1876 ni nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀nà 10 ló pín ìmọ̀ sí: 200 ni ti ẹ̀sìn, 500 ti sáyẹ́ǹsì, 800 ti lítíréṣọ̀, 900 ti ìtàn àti jọ́gíráfì. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn ni mò ń kọ sí etí ìlà kọ̀ọ̀kan. (Wọn kì í sábà fi nọ́ńbà sí ìtàn àròsọ, ẹ ṣáà kọ 8.) Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, 8 àti 2 ti tò sí etí ìwé mi bí èèrà, kò sí 5 kan ṣoṣo. Ìwé kan nípa ìràwọ̀ ni mo lọ mú.

Èdè ló wá dójú tì mí. Nínú ìwé 23, méjì péré ni Yorùbá. Èmi tí mò ń bá ọmọ wí pé kò gbọ́ èdè! Látìgbà náà, ojú ìwé méjì ti Yorùbá ni mò ń kà sókè lálẹ́. 730 nìyẹn lọ́dún, ó ju ìwé mẹ́ta olójú-ìwé 200 lọ.

Ẹ ra ìwé tiẹ̀ fún ọmọ, kí ẹ má sì ṣí i. Ìwé aláwòrán, àlàyé eré kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ ni kó kọ. Ẹ má bi í pé mélòó ló kà. Tèmi fúnra rẹ̀ ló gbé tirẹ̀ wá hàn mí lálẹ́ ọjọ́ kan. "Aja yen ko gbodo ku" ló kọ, ó tẹ bírò mọ́ ọn débi pé ó lu ewé náà já. Ọwọ́ ń yún mi láti fi àmì ohùn sí i, mo ká a mọ́ra. Ó ní ṣé mo ti ka ìwé náà rí, mo ní rárá. Orí tábìlì mi ló wà báyìí.