Ọjà bọ́ sí Sátidé, ọ̀gá ń pè lálẹ́: ìgbà wo ni kí n ráyè ilé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán sà. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8 ni mo wà ní káńsù kan ní Òkè-Ògùn, ẹ̀ka tó ń gbowó ọjà. Ọjà wa, ọrọọrún ni, tó bá bọ́ sí Sátidé tàbí Sọ́ńdè, èmi ni wọ́n máa ní kó lọ. Tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọ̀gá á tún pè mí pé èló la pa lónìí. Mi ò tíì lọ líìfù láti 2022. Àwọn ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyá ọkọ mi ni wọ́n ń pè ní mọ́mì. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé lọ́jọ́ tí kò sọ́jà, láti aago mọ́kànlá la ti máa ń jókòó wo ara wa. Ṣé kí n béèrè tiránsífà ni? Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Edùmàrè á bá wa wo àwọn ìbejì. Èmi náà lo ọdún pípẹ́ ní ẹ̀ka admin káńsù kí n tó rìtáyà, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi kádìí yẹn, pé ẹ ń jókòó wo ara yín, òun ni mo kọ́kọ́ mú. Iṣẹ́ ò pọ̀ jù fún yín, bí wọ́n ṣe pín in ni ò dáa, ẹ ń jókòó nígbà tó yẹ kẹ́ ẹ wà nílé, ẹ wá ń ṣiṣẹ́ nígbà tó yẹ kẹ́ ẹ sinmi.

Ẹ jẹ́ ká ka ọjà yẹn ná. Ọrọọrún tá à ń wí yìí, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń bọ̀ lórí kàlẹ́ńdà, torí àwa máa ń ka tòní mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ méje. Tẹ́ ẹ bá to méjèèjì pọ̀, ọjà máa ná lẹ́ẹ̀méje láàárín 28 ọjọ́, ó máa kan Mọ́ńdè lẹ́ẹ̀kan, Túsìdeè lẹ́ẹ̀kan, títí dé Sátidé kan àti Sọ́ńdè kan. Tó bá bọ́ sí Sátidé yìí, ọjà kejì lẹ́yìn ẹ̀ ló máa bọ́ sí Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìyẹn ó di ogún ọjọ́ kó tó tún kan òpin ọ̀sẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ẹ lè mú bírò kẹ́ ẹ sàmì sí gbogbo ẹ̀ tọdúntọdún. Tẹ́ ẹ bá tó mẹ́rin ní yúnìtì yín, tẹ́ ẹ ń gbà á fúnra yín, ọjọ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan láàárín oṣù méjì! Kò sídìí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀yin nìkan. Ẹ mú kàlẹ́ńdà yẹn lọ bá ọ̀gá, kẹ́ ẹ sì ní kẹ́ni tó bá ṣiṣẹ́ Sátidé gba ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, irú ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ń wojú ara yín yẹn. Tí wọ́n bá ní ọ́fíìsì á dàrú, ní 2023 tí epo gbówó lórí, ìjọba Kwara ní kí òṣìṣẹ́ máa wá ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọ́fíìsì ò wó.

Àmọ́ ẹ má bá wọn sọ ọ́ lẹ́nu lásán o, ẹ kọ lẹ́tà. Màmá kan wá sọ́dọ̀ mi nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n rìtáyà, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi du àwọn ní líìfù. Mo ṣí fáìlì wọn: lẹ́tà ìgbàṣẹ́, lẹ́tà ìgbéga, ìwé ọsibítù kan. Líìfù tí wọ́n béèrè, ẹyọ kan ò sí ńbẹ̀. Ọ̀gá wọn ní àwọn ò gbọ́ ọ rí, kí ni mo fẹ́ sọ? Ní káńsù, ohun tí kò sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀.

Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 7 sókè, ọgbọ̀n ọjọ́ ni líìfù ọdún, wọn ò ta yín lọ́rẹ. Tó bá ti di Jánúárì, kí orúkọ yín wà lórí rọ́sítà líìfù, kẹ́ ẹ mú Ọ́gọ́ọ̀sì tí ọmọ ò lọ ilé ìwé. Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ ò jẹ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn sún un síwájú, kó má di pé ẹ̀yin lẹ ò béèrè.

Ti fóònù alẹ́ yẹn, ẹ má fìjà ṣe é. Ọ̀gá náà mọ̀ pé àwọn kan máa béèrè lọ́wọ́ òun láàárọ̀ ni kò jẹ́ kó sùn. Kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́jà, ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí i: rìsíìtì tá a já lónìí, láti nọ́ńbà báyìí dé báyìí, àpapọ̀ owó báyìí. Tó bá tún pè, ó ti rí èsì kó tó pè, ẹ lè jẹ́ kó dàárọ̀.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ máa fi àsìkò ìjókòó yẹn ta aṣọ. Ẹ ṣọ́ra. Kónsítítúsọ̀n 1999 ò fàyè gba òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún láti máa ṣòwò tara ẹ̀, àfi oko dídá. Ìwé àkọsílẹ̀ owó tẹ́ ẹ máa ń gbé lọ sílé ni kẹ́ ẹ máa fi àsìkò yẹn kọ.

Tiránsífà ńkọ́? Èmi ò ní kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Káńsù 33 ló wà ní Ọ̀yọ́, kọmíṣọ̀n tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ káńsù lè gbé yín lọ sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ lè bá ara yín níbi tó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ìbejì á wá máa pe ìyá àgbà ní mọ́mì pátápátá. Ẹ kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n gbé yín kúrò ní ẹ̀ka owó ọjà lọ sí ẹ̀ka mìíràn nínú káńsù yẹn kan náà. Ìyẹn tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò lóòótọ́ o, torí mo mọ̀ pé ọjà kì í jẹ́ kéèyàn wọlé lọ́wọ́ òfìfo.

Lẹ́tà tẹ́ ẹ bá kọ, ẹ̀dà méjì ni. Kí rẹ́jísírì lu òǹtẹ̀ lu méjèèjì, kí wọ́n kọ déètì sí i, kẹ́ ẹ gbé ọ̀kan lọ sílé.