Áláàmù (ìkìlọ̀) tó dún kí wọ́n tó balẹ̀ sórí òṣùpá
Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé lóòótọ́ ni áláàmù dún nígbà tí Apollo 11, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará Amẹ́ríkà, fẹ́ balẹ̀ sórí òṣùpá lọ́dún 1969? Kí ló dé tí wọn ò padà?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni o. Nọ́ńbà ìkìlọ̀ 1202 ló yọ lójú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà, ìyẹn ni pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un, torí rédà (ẹ̀rọ tó ń ṣàwárí nǹkan tó jìnnà) kan tí wọn ò nílò nígbà yẹn ń jẹ àsìkò ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣètò ẹ̀ pé kó pa iṣẹ́ tí ò pọn dandan tì kó gbájú mọ́ bíbalẹ̀, ohun tó wú mi lórí jù nìyẹn. Ní Houston, níbi tí wọ́n ti ń darí ìrìn àjò náà láti ayé, Jack Garman, ẹnjiníà kan, ti kọ ìtumọ̀ àwọn áláàmù náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló bá ní kí wọ́n máa lọ. Àmọ́ nọ́ńbà lásán ni Armstrong àti Aldrin, àwọn méjì tó wà nínú ọkọ̀ tó ń balẹ̀ náà, rí, ìyẹn ò dáa tó rárá!