Èsì: Bí a ṣe ń dá ìwé wáìnì gidi mọ̀ nílé ẹran sísun
Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ìwé wáìnì (ìwé tí wọ́n to orúkọ àwọn wáìnì tí wọ́n ń tà sí) ilé oúnjẹ olówó ńlá ní Àkúrẹ́ bá ẹran màlúù sísun mu. Ẹ má wo bó ṣe gùn tó. “Malbec” (irú àjàrà kan tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì pupa) lásán kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ agbègbè Mendoza ní Ajẹntínà mọ́ ọn, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n kórè àjàrà rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń tà. Kí Cabernet Sauvignon, wáìnì pupa mìíràn tó máa ń fún ahọ́n pọ̀, náà wà níbẹ̀, nítorí ọ̀rá ẹran ló ń jẹ́ kí irú wáìnì bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀ lẹ́nu.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ibi tí ìgò ń gbé: ìgò tó bá ń dúró lórí pẹpẹ nínú ooru wa yìí, tí iná sì ń lọ lemọ́lemọ́, lè ti bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, bó ti wù kó wọ́n tó.