Ọmọ mi fẹ́ kọ́ wíwa bàálù: Amẹ́ríkà ni, South Africa ni, àbí Yúróòpù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbígbẹ̀yìn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó ní páílọ́ọ̀tì lòun fẹ́ ṣe. Ejẹ́ńtì kan ní Dùgbẹ̀ ní ká rán an lọ Amẹ́ríkà, pé á gba láísẹ́ǹsì kọmáṣíà, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kéèyàn fi wíwa bàálù gbowó, láàárín oṣù mẹ́jọ, á sì ríṣẹ́ níbẹ̀. Ejẹ́ńtì kejì ní South Africa ló rọjú. Àbúrò mi tó wà ní London ní àfi Yúróòpù. Ilẹ̀ wa kan ní Àkóbọ̀ la fẹ́ tà sí i. Ibo ni ká gbé owó náà lọ? (Ìyá kan ní Bódìjà)

Ìdáhùn: Ẹ kú àdúrótì ọmọ, Mà. Ẹ má tíì ta ilẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ bá dókítà tí NCAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí, kó ṣe àyẹ̀wò ìlera Class 1, ìyẹn ti ẹni tó fẹ́ fi wíwa bàálù ṣiṣẹ́. Wọ́n á yẹ etí rẹ̀ wò, wọ́n á yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Wọ́n á ṣí ìwé kan síwájú rẹ̀ tó kún fún tóótòòtó aláràbarà, nọ́ńbà á fara pamọ́ sáàárín wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í ya àwọ̀ pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé kò ní rí nọ́ńbà yẹn, ó sì lè ti dàgbà bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Gíláàsì ojú kì í sábà dí èèyàn lọ́wọ́. Àwọ̀ tí ojú ò mọ̀ yìí ló ń fa wàhálà. Ó sàn kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n nílé ju kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti san owó tán.

Bó bá yege, ẹ bi í pé: ibo lo ti fẹ́ ṣiṣẹ́? Láísẹ́ǹsì ọ̀tọ̀, àṣẹ iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Físà M-1 ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ bàálù Amẹ́ríkà ń lò fún àlejò. Ẹni tó bá lò ó kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Tó bá parí, oṣù mẹ́rin tó fi kẹ́kọ̀ọ́ ló ń bí oṣù kan tó lè fi ṣiṣẹ́ láti mọ iṣẹ́ sí i, kò sì lè ju oṣù mẹ́fà lọ. Físà F-1 ló fàyè gbà á dé ọdún kan, ilé ẹ̀kọ́ díẹ̀ ló sì lè fún un, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í pààrọ̀ M-1 sí F-1 téèyàn bá ti wọ̀lú tán. Nítorí náà, “á ríṣẹ́ níbẹ̀” tí ejẹ́ńtì yín ń sọ yẹn, ẹ ní kó dárúkọ físà tó ní lọ́kàn.

Bó bá jẹ́ Nàìjíríà ló ti máa ṣiṣẹ́, bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, NCAA ló máa sọ láísẹ́ǹsì ọ̀hún di tiwa. Wọ́n á kọ̀wé sí orílẹ̀-èdè tó fún un láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, á ṣe ìdánwò lórí òfin wa, á sì fò kí wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, ti South Africa àti ti Yúróòpù ló ń gba ọ̀nà yìí kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí dẹ́rù bà yín.

Ọ̀rọ̀ wá ku owó àti wákàtí tó gbọ́dọ̀ fi fò kó tó gba láísẹ́ǹsì. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀kọ́ tó ń tẹ̀ lé òfin Part 61 máa ń béèrè wákàtí 250; Part 141, níbi tí ìjọba ti fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ wọn, lè gbà á ní 190. South Africa, 200. Ní Yúróòpù, 200 ni fún ẹni tó ń gbà á díẹ̀díẹ̀, 150 fún ẹni tó gba gbogbo ẹ̀kọ́ pa pọ̀, ìdánwò orí ìwé 13 sì ni wọ́n máa ń kọ. Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín pé láti ọdún 2021 ni láísẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yà kúrò lára ti Yúróòpù. Fún ọmọ tí kò ní ìwé ìrìnnà ibẹ̀, tó sì fẹ́ padà wálé, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa náwó Yúróòpù.

Ojú ọjọ́ náà wà níbẹ̀. Lọ́san ìgbà ooru, ààrá Florida máa ń so bàálù kéékèèké mọ́lẹ̀. Arizona gbẹ, ọjọ́ fífò pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ooru rẹ̀ ń mú kó nira fún bàálù kékeré bíi Cessna 172 láti gbéra. Ní Cape Town, oṣù kẹfà sí ìkẹjọ lòjò ń rọ̀.

Ohun tó ń gbé owó lọ jù kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń pín kiri. Aago kan wà nínú bàálù, Hobbs lorúkọ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ báyìí, aago náà ń kà báyìí, yálà bàálù wà lókè tàbí nílẹ̀. Ní pápákọ̀ tó kún, ọmọ yín lè tò sẹ́yìn bàálù mẹ́fà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títàn fún ìṣẹ́jú ogún, kó máa wo òpópó ọkọ̀, owó yín sì ń lọ. Iye tí wọ́n ń pè fún yín, wákàtí tó kéré jù ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Àwọn tó ń parí láàárín rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ béèrè iye owó wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè bóyá ẹ̀kọ́ bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì àti instrument rating, ìyẹn àṣẹ láti máa wo aago inú bàálù fò nígbà tí ojú ò ríta, wà nínú owó náà. Bàálù mélòó ló ń fò lónìí, mélòó ló wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń pín wọn? Ẹ wá ọmọ Nàìjíríà kan tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ pè é láìsí ejẹ́ńtì nítòsí.

Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Ilé ẹ̀kọ́ bàálù máa ń kógbá sílé láàárọ̀ ọjọ́ kan, owó akẹ́kọ̀ọ́ á sì bá a lọ. Ẹ san án ní ìpín-ìpín, láti báńkì yín pẹ̀lú Form A, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ra owó òkèèrè san owó ilé ẹ̀kọ́, sínú àpò ilé ẹ̀kọ́ gan-an, kì í ṣe tejẹ́ńtì. Ẹ fi apá kan pamọ́ fún ìgbà tó bá dé. Iléeṣẹ́ bàálù wa tó ń fi Boeing 737 tàbí ATR ṣiṣẹ́ máa fẹ́ kó ní type rating, ìyẹn àṣẹ láti wa irú bàálù kan pàtó, owó gidi sì ni. Ọ̀pọ̀ ló dé pẹ̀lú láísẹ́ǹsì lọ́wọ́, tí wọ́n jókòó sílé nítorí ìyẹn.

Tèmi, South Africa tàbí Part 141 ní Arizona ni mo máa fi sí iwájú, èyí tó bá dáhùn ìbéèrè òkè yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n kó tó wọ ọkọ̀ òkèèrè, ẹ jẹ́ kó dé Ilorin, wọ́n ń kọ́ wíwa bàálù níbẹ̀, kó bá olùkọ́ fò lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan wà tí èébì máa ń gbé ní gbogbo ìgbà tí bàálù kékeré bá yí. Tó bá bọ̀, ẹ padà sí Dùgbẹ̀, ẹ ní kí ejẹ́ńtì kọ físà, iye wákàtí àti àpapọ̀ owó sílẹ̀ kó buwọ́ lù ú. Bó bá ní kò sídìí fún kíkọ, ẹ dìde.