Èsì: Orílẹ̀-èdè wo ni ẹgbẹ́ olórin progressive rock ti pọ̀ jù?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní orílẹ̀-èdè wo ló bí ẹgbẹ́ olórin progressive rock (ìyẹn orin rock tó sábà máa ń gùn, tó sì díjú) jù. England ni o, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. King Crimson gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1969; Yes, Genesis àti Emerson, Lake & Palmer náà, ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n.

Àmọ́ Ìtálì gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn orin yìí débi pé Pawn Hearts, àwo tí Van der Graaf Generator ṣe ní 1971, gba ipò kìíní lọ́dọ̀ wọn, nígbà tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí ní England tó ti wá. Àwọn fúnra wọn ò sì kẹ̀rẹ̀: Banco del Mutuo Soccorso, Le Orme, Premiata Forneria Marconi. Nínú ẹgbẹ́ tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn yẹn, ọkùnrin kan ṣoṣo, Mauro Pagani, ló ń fun fèrè tó tún ń ta fayolíìnì!

Jámánì ní Can àti Tangerine Dream, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ díẹ̀. Kánádà? Rush nìkan ti tó (tèmi nìyẹn o). Sweden ló wá yà mí lẹ́nu láwọn ọdún 1990, pẹ̀lú Änglagård àti The Flower Kings, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn lórílẹ̀-èdè náà ò tó mílíọ̀nù 9 nígbà yẹn.